Kóòṣì ń fò kúrò lójú irin ní kọ́nà tó ń gòkè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AlájàOjúIrin, Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Orí àjà ilé wa ni mo to ojú irin kékeré tí mo fi ń ṣeré sí. OO ni, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré. Irin tí wọ́n ti tẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni mo rà, ìpele kejì nínú bí kọ́nà wọn ṣe fẹ̀ sí, 438 mìlímítà láti àárín òbírí dé àárín ojú irin. Ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀, èkejì ń gòkè lọ gba orí afárá kọjá lókè rẹ̀. Afárá yẹn fi 80 mìlímítà ga ju ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ, mítà 1.9 péré ni mo sì ní láti fi gùn ún. Àyè ò gbà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú kọ́nà gan-an ni òkè náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dísù mi, oníbógì méjì (bógì ni férémù kékeré tó gbé wíìlì, tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wíìlì mẹ́fà, ń gun òkè yìí wẹ́rẹ́ bó bá dá wà. Bí mo bá so kóòṣì mẹ́ta, ìyẹn ọkọ̀ èrò tó ń fà, mọ́ ọn, ó lè lọ, ó sì lè má lọ. Kóòṣì àkọ́kọ́ máa ń fò kúrò lójú irin nísàlẹ̀ òkè. Bí mo bá wá so méje, ọ̀kan á tún ṣubú nítòsí òkè téńté. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, kò sí wàhálà kankan.

Mo ti nu irin, mo ti nu wíìlì, mo ti dín eré kù, mo ti fi eré kún un. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n kúkú tà á. Kí lẹ rí sí i?

Kékeré_Ń_Ké, Ìbàdàn

Kóòṣì yẹn fúyẹ́ ni. Lẹ nọ́ọ̀tì onírin mélòó kan mọ́ inú rẹ̀, ó parí.

Táyé_Houston

Ẹ dákun, ẹ má tíì lẹ nǹkan kan mọ́ nǹkan kan.

Alájà, ẹ dáhùn ìbéèrè yìí ná. Nígbà tí kóòṣì bá fò, ṣé ìta kọ́nà ló ń bọ́ sí àbí inú? Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, oògùn wọn ò sì jọra. Bí wíìlì bá gun irin ìta tó bọ́ síta, irin tàbí wíìlì ló ní ẹ̀bi. Bí kóòṣì bá dojú dé sínú kọ́nà, ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú àti ẹrù tó wà lẹ́yìn ló jọ fà á wọlé. Kóòṣì tó bá fúyẹ́ jù láàárín wọn ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ojú lásán ò lè rí i. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń fò, kí kámẹ́rà rẹ̀ bá irin dọ́gba, kí ẹ ya fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí kóòṣì àkọ́kọ́ padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ di iwájú, ẹ tún un gùn. Kí ẹ gbé kóòṣì mìíràn síbẹ̀, ẹ tún un gùn. Bí ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń fò, ojú irin ni kí ẹ bi léèrè. Bí kóòṣì kan ṣoṣo ló ń fò káàkiri, òun ni kí ẹ dà bolẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí wíìlì ti gun irin, kì í ṣe ibi tó ti ṣubú. Ó lè fi ogún sẹ̀ǹtímítà rìn lórí sílípà, àwọn ọ̀pá tó dábùú abẹ́ irin, kí ẹ tó rí i pé ó ti fò.

Bàbá_Ìdó, Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú irin ńlá ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí irin rẹ̀ méjèèjì fi 1067 mìlímítà jìnnà síra. Kọ́nà kún inú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ti wọ òun, tó sì ti wọ ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, tí tirẹ̀ fẹ̀ tó 1435, mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Ohun tí a máa ń ṣe ní kọ́nà ni pé a ó gbé irin ìta ga ju ti inú lọ. Ọkọ̀ tó ń sáré fẹ́ máa lọ tààrà, kọ́nà ló ń fipá yí i. Bí irin ìta bá ga, ọkọ̀ á fi ara tẹ sínú díẹ̀, wíìlì kò ní máa fi etí ha irin. Ibi tí kọ́nà bá ti há jù, a máa ń fẹ irin méjèèjì síra díẹ̀, a sì tún lè to irin kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin inú, kí ó máa di ẹ̀yìn etí wíìlì mú kí wíìlì òdìkejì má baà gun irin ìta.

Alájà, ìwọ náà gbé irin ìta rẹ sókè, kí o wò ó.

Táyé_Houston

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ sọ nípa ọkọ̀ ńlá ò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò kọ́nà Alájà. OO jẹ́ ìdá kan nínú 76. Ẹ fi 76 sọ 438 mìlímítà di púpọ̀, nǹkan bíi mítà 33 ni. Kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà kó kóòṣì èrò gígùn gba kọ́nà mítà 33 lójú irin ńlá. Àwa tó ń fi ti kékeré ṣeré la ń fipá mú un.

Ọkọ̀ kékeré kò wúwo tó láti jẹ́ kí eré tì í síta. Ipá tó ń dà wá láàmú ni èyí tó ń fà á wọnú kọ́nà, bí a bá sì gbé irin ìta sókè, a ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe é níbí nínú HO, ìwọ̀n ojú irin kékeré mìíràn, páálí tó nípọn tó ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin ìta, nítorí pé ó dùn ún wò nínú fọ́tò. Orí kọ́nà fífẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Bàbá_Ìdó, Èkó

Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì kó gbogbo ọ̀rọ̀ mi dà nù. Ó ní ibi tí èmi náà ṣì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ya fídíò rẹ̀.

AlájàOjúIrin, Manchester

Mo ti ya á. Ẹ ṣeun gan-an, Táyé. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu.

Nísàlẹ̀ òkè, bógì iwájú kóòṣì àkọ́kọ́ ló ń gun irin ìta. Wíìlì ọwọ́ òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ dìde, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, á wá jókòó sórí irin, á sì bọ́ síta. Kóòṣì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbé síwájú. Méjì ń dìde díẹ̀, wọ́n sì ń padà bọ́ sípò. Ẹ̀kẹta kò padà rí.

Lókè téńté, òdìkejì rẹ̀ ni. Inú ló ń ṣubú sí, kóòṣì kejì nínú méje ni, ó sì kàn dojú dé ni, gbogbo wíìlì rẹ̀ pa pọ̀.

ÌyáSọlá, Peckham

Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń ṣírò, abẹ́ kóòṣì lèmi fẹ́ bá a dé. Ọmọ mi ló ni ti ilé wa, èmi ni mo ń tún un ṣe. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní N ni tiwa, mìlímítà 9 péré ni irin rẹ̀ fi jìnnà síra, ẹrùpẹ̀ kékeré sì lè dá a dúró, nítorí náà mo ti mọ ibi tó yẹ kí n wò.

Èyí tó kọ̀ láti padà sípò yẹn, ẹ dà á bolẹ̀. Ẹ fi ìka yí bógì kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń yí dáadáa títí dé ibi tí kọ́nà yín nílò? Ṣé ó tún ń mì sọ́tùn-ún sósì? Bí sikúrù bá fún un mọ́lẹ̀, ó lè yí ṣùgbọ́n kò ní lè mì, ibi tí irin bá ti lọ́ díẹ̀ ni wíìlì kan á ti dìde. Ẹ tú sikúrù bógì kan kí ó máa mì fàlàlà, kí ẹ jẹ́ kí ti èkejì fún díẹ̀, kí ó máa yí, ṣùgbọ́n kí ó máa mì síwájú sẹ́yìn nìkan, kì í ṣe sọ́tùn-ún sósì. Kóòṣì náà á wá jókòó bí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá tú méjèèjì pátápátá, á máa fì kiri.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ ti kó àwọn páìpù kéékèèké tó ń wá nínú ọ̀rá mọ́ iwájú kóòṣì. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n ní kọ́nà ìpele kejì wọ́n máa ń dí ìkọ́ tó so ọkọ̀ pọ̀ lọ́wọ́. Ìkọ́ ò ní rí ọ̀nà yí, á sì ti bógì. Inú ọ̀rá ni tiwa wà títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn wíìlì. Láti ẹ̀yìn wíìlì kan sí ẹ̀yìn ìkejì lórí ọ̀pá kan náà. Fún OO, 14.4 sí 14.5 mìlímítà.

Kékeré_Ń_Ké, Ìbàdàn

Ṣé ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lẹ wá ń bá ara yín jà lé lórí báyìí?

ÌyáSọlá, Peckham

Kékeré, ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn ni pọ́ìǹtì, ibi tí ojú irin ti pín sí méjì, fi ń mọ̀ bóyá kí ó jẹ́ kí o kọjá. Bí wíìlì bá sún mọ́ra jù, etí wọn á máa wọ ibi tí kò yẹ, á sì máa fi ara ha irin ní kọ́nà. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, ńṣe ni wọ́n á há, wọn á sì gun irin. Ẹ di wíìlì méjèèjì mú, ẹ máa lọ́ ọ bí ẹ ṣe ń fà á tàbí tì í. Ẹ má kàn fà á tààrà, á wọ́. Bí ẹ bá lọ́ ọ tán, ẹ tún yí i lórí dígí kí ẹ rí i pé kò wọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ kú àlàyé. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì rò pé pákó abẹ́ ojú irin gan-an ni a ò tíì dé.

Alájà, ẹ ní inú kọ́nà ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Èmi mọ páìwúùdù. Bí ẹ bá gé páìwúùdù ní kọ́nà, tí ẹ wá gbé orí rẹ̀ kan sókè, kì í lọ sókè nìkan. Ó máa ń lọ́. Etí ìta gùn ju etí inú lọ, nítorí náà wọn kì í dìde bákan náà. Níbi tó ti kúrò nílẹ̀, ẹ lè rí i pé irin ìta ti rẹlẹ̀ ju ti inú lọ, tàbí kí ó ga jù ú lọ, ó dá lórí bí ẹ ṣe fi ìtì rẹ̀, igi tó gbé e ró, tì í. Nǹkan tó gbé wíìlì ọwọ́ òsì yẹn sókè nìyẹn. Wíìlì kò dìde, irin ló sá lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré, ẹ gbé e dábùú irin méjèèjì, kí ẹ máa sún un ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún láti ibi tó ti tẹ́jú títí tó fi gòkè. Ẹ má wo bóyá ó dọ́gba nìkan. Ẹ wo bóyá ó ń yí padà lójijì. Bí irin ìta bá rẹlẹ̀ ní ibì kan, tó wá dọ́gba lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ibẹ̀ ni kóòṣì yín ń kú sí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ tú ìṣó tó mú irin mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa fi páálí tín-ín-rín bọ abẹ́ sílípà níbi tó rẹlẹ̀, ọ̀kan lé ọ̀kan, títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì á fi dákẹ́. Ọ̀nà tó dáa jù ni kí ẹ tún ìtì abẹ́ pákó gé, kí orí rẹ̀ dọ́gba dábùú, kí ẹ fi sikúrù mú páìwúùdù mọ́ ọn lápá méjèèjì.

Nǹkan kejì: báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ òkè náà? Ó dà bíi pé ẹ gé pákó, tí ẹ wá gbé e sókè bí ìdérí àpótí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pákó tó tẹ́jú àti pákó tó ń gòkè jẹ́ ọ̀kan náà láìgé e, kí ìtì àkọ́kọ́ jìnnà síwájú díẹ̀, páìwúùdù fúnra rẹ̀ á tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ gbẹ́ ìtẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Ìdó, Èkó

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti sọ ibi tí mò ń bọ̀. Lójú irin ńlá, kì í ṣe gíga irin ìta ló ń da ọkọ̀ nù, bí kò ṣe bó bá ga lójijì. A máa ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ lórí gígùn tó tó, bẹ́ẹ̀ náà la ó sì ṣe rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Táyé, lórí ìyẹn, ti ńlá àti ti kékeré ò yàtọ̀.

Kọ́nà náà, a kì í kúrò lórí tààrà bọ́ sínú kọ́nà híhá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A máa ń kọ́kọ́ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ó tó wá há. Irin tí wọ́n ti tẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kò ní ìyẹn.

Táyé_Houston

Mo fara mọ́ ọn, bàbá. Ìwọ̀n tí àwa ń tẹ̀ lé fún ìsàlẹ̀ òkè àti orí rẹ̀ ni pé kí gígùn kóòṣì kan wà fún ìdá kọ̀ọ̀kan nínú 100 tí òkè bá fi yí padà. Ti Alájà jẹ́ 80 nínú 1900, ìyẹn ìdá 4.2 nínú 100. Kóòṣì rẹ̀ á gùn tó 26 sẹ̀ǹtímítà. Láti ilẹ̀ títẹ́jú dé ojú òkè gidi, ó yẹ kí ó lo ju mítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò tún lo òmíràn lókè kí ó tó tẹ́jú. Mítà 1.9 ló ní. Ẹ rí i pé òkè náà ò sí mọ́. Ìtẹ̀ méjì ló kù.

Ẹ fi ti kọ́nà kún un. Nínú HO, a máa ń pín 32 pẹ̀lú iye ínǹṣì tó wà láti àárín òbírí dé irin, èyí tó bá jáde ni ìdá tí kọ́nà fi kún òkè. OO náà ń lo irin mìlímítà 16.5 bíi HO, èsì rẹ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀. 438 mìlímítà jẹ́ ínǹṣì 17 àti díẹ̀. Fi í pín 32, nǹkan bíi 1.9 ló jáde. Ẹ́ńjìnnì yẹn rò pé òkè ìdá 6 nínú 100 lòun ń gùn. Ìdí nìyẹn tí fífà fi le tó bẹ́ẹ̀, tí kóòṣì kejì fi ń dojú dé sínú.

Ní ti ìwúwo, Kékeré kò jìnnà sí òtítọ́, ó kàn yára sọ ọ́ jù. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ojú irin kékeré ṣeré níbí, ní ìlànà kan fún HO: áńsì kan, kí a fi ìdajì áńsì kún un fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì oní-26 sẹ̀ǹtímítà á wọn nǹkan bíi gíráàmù 175. Ẹ gbé tiyín sórí ìwọ̀n ilé ìdáná kí a gbọ́.

ÌyáSọlá, Peckham

Táyé, 175 kọ́ ni ẹ máa gbé lọ sórí òkè ìdá 6! Kóòṣì méje ní 175 ju kìlógíráàmù kan lọ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú kan ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí gbogbo wọn wúwo bákan náà, kí èyí tó bá wúwo jù sì wà níwájú. Ìlànà yẹn kì í ṣe òfin.

Táyé_Houston

Ìyá Sọlá, lórí òkè bí èyí, ẹ jàre mi. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n kí ó lẹ ẹrù náà sílẹ̀ pátápátá, lórí ilẹ̀ kóòṣì, láàárín bógì méjèèjì. Bó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè fèrèsé, ńṣe ló tún bá a wá ìṣubú.

Kékeré_Ń_Ké, Ìbàdàn

Ẹ rí i pé nọ́ọ̀tì onírin ni mo kọ́kọ́ sọ. Ẹ kú ọpẹ́ mi.

AlájàOjúIrin, Manchester

Kékeré, a dúpẹ́.

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ rèé. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì jẹ́rìí Gbẹ́nàgbẹ́nà. Irin ìta rẹlẹ̀ ju ti inú lọ ní nǹkan bíi mìlímítà kan níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dọ́gba kí ó tó tó ìbú ọwọ́ méjì. Ibẹ̀ náà ni irin méjì ti pàdé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: orí irin kan kò wọ inú ìdè onírin tó so wọ́n pọ̀, ńṣe ló gun orí rẹ̀. Ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, èékánná ló ń kọ́ ọ.

Kóòṣì tí kì í padà sípò: wíìlì ọ̀pá iwájú rẹ̀ jẹ́ 14.1. Àwọn yòókù wà láàárín 14.4 sí 14.5. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 98, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 130 lé díẹ̀. Òun kan náà ni mo máa ń so sípò kejì bí mo bá so méje, torí àwọ̀ rẹ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu.

Mo ti tún irin yẹn so, mo fi páálí sábẹ́ rẹ̀ títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì fi dákẹ́, mo tún wíìlì ṣe dé 14.4, mo sì kó gbogbo páìpù iwájú kóòṣì kúrò. Kóòṣì mẹ́ta ń lọ. Márùn-ún ń lọ. Méje ṣì ń ṣubú sínú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà mọ́.

Ìbéèrè mi tó kù: ṣé kí n fi sọ́dà, òjé tí a ń yọ́ so irin pọ̀, jó gbogbo ibi tí irin ti pàdé ní kọ́nà, kí wọ́n má baà tún yọ? Ṣé kí n sì pààrọ̀ ìkọ́?

Táyé_Houston

Ẹ jó wọn. Èyí tó tún dáa jù ni kí ẹ yọ irin tí wọ́n ti tẹ̀ yẹn kúrò, kí ẹ ra irin gígùn tó ṣeé tẹ̀, ti ilé iṣẹ́ Peco jẹ́ 914 mìlímítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sọ́dà so méjì pọ̀ nígbà tó ṣì tọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ibi ìpàdé náà á tẹ̀ pẹ̀lú irin, kò ní ní igun. Ẹ ó sì lè ṣe ìtẹ̀ tí bàbá sọ, tó ń rọra há. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ wọn àlàfo àárín irin, torí ó lè sún mọ́ra.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà, Ìbàdàn

Kí ó má jó gbogbo rẹ̀ o! Orí àjà ni ojú irin yẹn wà. Àjà máa ń gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń tutù nígbà òtútù. Ibi tí irin ò bá ti rí àyè nà, ẹ̀gbẹ́ ló máa yọ sí.

Táyé_Houston

Ẹ̀gbọ́n, irin mítà kan tó gbóná sí i ní ìwọ̀n 25 °C kò ní nà ju bíi 0.4 mìlímítà lọ. Pákó yín ló ń nà, tó ń súnkì jù ú lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà, Ìbàdàn

Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Pákó ń mu omi lásìkò òjò, ó ń súnkì lásìkò ọyẹ́. Níbí, bí ọyẹ́ bá dé, àwọn ilẹ̀kùn tí kì í pa dé tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé fúnra wọn. Irin kì í súnkì pẹ̀lú pákó. Bí ẹ bá jó irin mítà márùn-ún pọ̀ láìsí àlàfo, tí pákó sì fi mìlímítà méjì mẹ́ta súnkì lábẹ́ rẹ̀, níbo ni irin yẹn fẹ́ gbà lọ? Kí ó jó ti inú kọ́nà nìkan, kí ó fi àlàfo tó tó ìpọ́n páálí kan sílẹ̀ níbi tó tọ́, kí ó sì kùn pákó náà lókè nísàlẹ̀ kí omi má lè wọ̀ ọ́.

Táyé_Houston

Mo gbà. Kọ́nà nìkan, kí ó fi waya iná sí irin kọ̀ọ̀kan tí a kò jó, kí iná má baà já níbi àlàfo.

ÌyáSọlá, Peckham

Ní ti ìkọ́: ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ bí kóòṣì yín bá ní èyí tó ń nà jáde fúnra rẹ̀ bí kọ́nà bá dé, tó sì ń wọlé padà lórí tààrà. Irú èyí dára. Kí ẹ kàn fi ìka tì í sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ rí i pé ó ń padà sáàárín. Bí ó bá há, ó ń ti kóòṣì. Àwọn kan máa ní kí ẹ so ìkọ́ tí kì í yí mọ́ ara kóòṣì ní ààrọ̀ bógì. Lórí kọ́nà yín, wọ́n á máa fa ara wọn dà nù ni, kóòṣì yín gùn jù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà, Ìbàdàn

Kóòṣì méje yẹn, àjà náà ló máa gbà á. Ẹ wò ó: nítorí kí ni ọ̀nà òkè nìkan ṣe gbọ́dọ̀ gùn gbogbo 80 mìlímítà? Bí ọ̀nà ìsàlẹ̀ bá fi 40 wálẹ̀, tí ti òkè sì fi 40 gòkè, afárá ṣì ga tó. Mítà 1.9 yín á wá di òkè ìdá 2.1 nínú 100. Kò sí ìkọ́ tàbí ẹrù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ ó gé orí tábìlì, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀.

AlájàOjúIrin, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi, àmọ́ pọ́ìǹtì méjì wà lórí ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn, ọ̀kan wà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí afárá. Ṣé pọ́ìǹtì lè wà lójú ibi tó ti ń tẹ̀ wálẹ̀?

Bàbá_Ìdó, Èkó

Rárá o. Pọ́ìǹtì kì í fẹ́ kí a tẹ òun sókè sódò. Kí òun dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tàbí kí gbogbo ara rẹ̀ wà lórí òkè tó tọ́. Bóo bá lè gbé e sẹ́yìn, gbé e.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà, Ìbàdàn

Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ìsàlẹ̀ wálẹ̀ ní 25 péré, kí ti òkè gun 55. Ìdá 2.9 ni yóò jẹ́, ó ṣì sàn gan-an ju 4.2 lọ. Ẹ fi fọ́tò abẹ́ tábìlì ránṣẹ́ kí ẹ tó mú ayùn, kí n rí ibi tí ìtì àti waya wà. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n sínú fọ́tò náà.